Ẹ Má So Ọmọ Ajá Tó Ń Yọ̀ Mọ́ Ènìyàn Mọ́lẹ̀: Ìpè sí Ẹ̀yin Ará Ìbàràpá

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀, Ìdèrè àti Ìgàngán, ọmọ ajá kan wà tí gbogbo wa mọ̀, kò sí àdúgbò tí irú rẹ̀ kò sí. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Bí àlejò bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ti máa ju ìrù, á sáré pàdé rẹ̀, á fò mọ́ ọn, á fi ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀ tẹ aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ajá mìíràn bá ń kọjá lọ, á fẹ́ já okùn tẹ̀ lé e. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ẹni tí ń jẹ́ ọ̀tá. Ohun tí a sì máa ń fi san án fún un kò dára. A máa ń ta á nípàá, a máa ń sọ ọ́ lókò. Bó bá wá sú onílé, á gbé ṣéènì sí i lọ́rùn, á so ó mọ́ ìdí igi lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí tó fi máa dàgbà. Nítorí ọmọ ajá yìí ni mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀.

Mo mọ ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbàràpá ti rí ohun tí ojú ń rí. Òru ọjọ́ karùn-ún mọ́jú ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọn ò dá ààfin sí. Ẹni tó bá la irú òru bẹ́ẹ̀ já, tó wá ní ajá tó máa gbó ni òun fẹ́ rà, kò jẹ̀bi rárá. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọmọ ajá tó ń ju ìrù fún gbogbo àlejò, òfò owó ni. Ni àwọn kan á bá dá a lábàá fún un pé kí ó há ajá mọ́ inú òkùnkùn, kí ó má jẹ́ kí ó rí ènìyàn, kí ó máa fún un ní ata jẹ, kí ó lè burú.

Ìmọ̀ràn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ kọ̀. Ajá tí a há mọ́ kò burú nítorí pé ó gbóyà. Ìbẹ̀rù ló sọ ọ́ di oníjàgídíjàgan. Kò mọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà gbogbo ènìyàn ni ẹ̀rù ń bà á láti rí. Á gbó ọmọ tó lọ pọnmi, á gbó ọlọ́kadà, á gbó ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ, á gbó ewé tí atẹ́gùn gbé. Láàrin oṣù díẹ̀, ará ilé kò ní fetí sí i mọ́. Ajá tó ń gbó gbogbo ènìyàn kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí okùn bá sì já, kì í ṣe olè ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ọmọ inú ilé ni, tàbí ọmọ aládùúgbò tó wá yá igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ajá tó mọ ará ilé, tó mọ alábàágbé, tó mọ ìró ọ̀kadà àti ẹsẹ̀ oníbàárà, bí ẹsẹ̀ àjèjì bá dún ní aago méjì òru, ó yàtọ̀ létí rẹ̀. Ajá tó mọ ènìyàn ló lè mọ àjèjì.

Bí ẹ bá rò pé èrò òyìnbó ni mo ń kó wá, ẹ wo àwọn ọdẹ wa. Ta ló mọ ajá ju ọdẹ lọ ní ilẹ̀ yìí? Ọdẹ kì í gbé ọmọ ajá pamọ́ sínú òkùnkùn kí ó tó di akọni. Àárín agbo ilé ló ti ń tọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà ajá. Á kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀, á mọ ohùn fèrè, nígbà tó bá sì tó, á tẹ̀ lé àgbà ajá wọ igbó. Ajá kan náà tó ń lé ọ̀yà nínú koríko gíga láìwẹ̀yìn, bó bá délé, ọmọdé á máa fà á létí, kò ní ṣe nǹkan kan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn ọdẹ sì ti ń fi òwe yìí tọ́ ajá kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé lé e lórí.

Ìwé wà lórí ẹ̀ náà. Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní ọdún 1965. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí a bí ọmọ ajá títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá tàbí ìkẹrìnlá ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù lọ sí ohun tó bá rí. Ohun tó bá mọ̀ lásìkò yìí, kò ní bà á lẹ́rù mọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀, àwọn ọmọ ajá tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fara kan ènìyàn títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ń sá fún ènìyàn bí ẹranko igbó, wọn ò sì ṣeé mú mọ́ra bọ̀rọ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: àwọn ọ̀sẹ̀ tí à ń fi ṣéènì so ọmọ ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé gan-an ni àwọn ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ó máa fi mọ ayé. Ọmọ ajá tó ń yọ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn ti gba èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìwà ọmọlúàbí ló kù tí a ó kọ́ ọ.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọmọ ajá àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tíì kọ́ ohun tí ènìyàn kò lè kọ́ ọ. Nínú eré pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń mọ ìwọ̀n eyín: bó bá gé ẹnìkejì jẹ jù, ìyẹn á ké, á sì fi eré sílẹ̀. Ẹni tó bá tètè gbé e kúrò níbẹ̀, ọwọ́ ọmọ tirẹ̀ ni ajá yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti fífò mọ́ ènìyàn wàyí, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọmọ ajá ń fò nítorí pé ojú wa ló ń wá. Bí àwọn ọmọ ajá ṣe ń kí ìyá wọn nìyẹn, wọ́n á máa lá a lẹ́nu. Àwa ga, ó sì ní láti fò kó tó kàn wá. Bí a bá ń pariwo lé e lórí, tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í, eré ló pè é, inú rẹ̀ á tún dùn sí i. Bí a bá fi eékún gbá a láyà, a ti kọ́ ọ pé ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe é léṣe ni, ìyẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ gígé ènìyàn jẹ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ rọrùn, sùúrù nìkan ló gbà. Bó bá fò, ẹ má wò ó, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ra, ẹ kẹ̀yìn sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kanlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí i, ẹ kí i, ẹ rọra fi ọwọ́ pa á láyà. Bó bá tún fò, ẹ tún dìde, ẹ tún kẹ̀yìn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ilẹ̀ ni ìkíni ti ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ ọ láti jókòó. Ẹ mú ẹja gbígbẹ bíńtín dání, ẹ gbé e sókè imú rẹ̀ díẹ̀, ẹ rọra sún un sẹ́yìn lókè orí rẹ̀. Bó ṣe ń fi ojú tẹ̀ lé ẹja, ìdí rẹ̀ á kanlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ pé “Jókòó,” ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ẹja náà. Kò gbọdọ̀ jẹun kí ó tó jókòó, kò gbọdọ̀ bá yín jáde lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó jókòó, àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ó tó jókòó. Kí gbogbo ilé sì máa lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí bàbá bá ń sọ pé “Jókòó,” tí ìyá ń sọ pé “Dúró jẹ́ẹ́,” tí àwọn ọmọ ń fi gẹ̀ẹ́sì pè é, kí ni kí ajá mú nínú rẹ̀?

Nígbà tí àlejò bá dé, okùn aṣọ ni kí ẹ fi sí i lọ́rùn, kì í ṣe ṣéènì. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ níbi tí ajá ti lè dúró, tó lè jókòó, ṣùgbọ́n tí kò ti lè fò. Kí àlejò kí i bó bá fẹ́. Mo tún un sọ: bó bá fẹ́. Gbólóhùn kan wà tí àwa alájá fẹ́ràn, tí mo ń bẹ̀ yín kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Òun ni “Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.” Bàbá tó ti ṣe àlùwàlá, tó wọ jalámíà funfun, tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun. Ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, bí ọmọ ajá bá fi ayọ̀ tì í ṣubú, egungun ìbàdí tó ṣẹ́ kò mọ̀ pé ayọ̀ ni. Ẹni tí ajá ti gé jẹ rí, àyà rẹ̀ á máa já bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ajá lásán. Ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa ni “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fà á sẹ́yìn,” kí a sì fà á sẹ́yìn lóòótọ́. Ìfẹ́ tí a ní sí ajá wa kò fún wa láṣẹ lórí ara ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ajá náà, iṣẹ́ wà fún yín. Bí ọmọ ajá aládùúgbò bá fò mọ́ yín, ẹ kẹ̀yìn sí i bí mo ṣe sọ, ẹ má sọ ọ́ lókò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń jókòó sí iwájú ilé, ẹ má máa tọ́ka sí ọmọdé tó ń kọjá kí ẹ máa sọ fún ajá pé “Mú un! Mú un!” Ẹ̀yin ń ṣeré, ajá ń kọ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní ilẹ̀ wa. Igbó-Ọrà tí ayé ń pè ní olú-ìlú ìbejì, tí a ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti ọdún 2018, kún fún ọmọ wẹ́wẹ́, orí ọmọ ọdún mẹ́ta sì ṣe déédéé ẹnu ajá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní dìgbòlugi gé jẹ, 40 ni kò tíì pé ọdún 15. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ wọn ní ilé ìwé: ẹ má fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, tàbí èyí tó ń sùn, tàbí èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú, bí ajá tí ẹ ò mọ̀ bá sún mọ́ yín, ẹ má sáré, ẹ dúró gbọn-in, ẹ ká ọwọ́ mọ́ra, ẹ má wò ó lójú.

Ti ajá sí ajá le díẹ̀, nítorí pé ajá tó ń rìn kiri pọ̀ ní ìgboro wa. Ọmọ ajá tó fẹ́ràn gbogbo ajá rò pé gbogbo ajá fẹ́ràn òun. Ẹ má fà á lọ sí iwájú ajá mìíràn kí wọ́n wá fojú kojú tí okùn le tantan; ọ̀nà ìjà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ jọ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àyè wà láàrin wọn, kí okùn rọ̀, kí wọ́n tó gbóòórùn ara wọn. Bí èyí tí ẹ rí bá tẹ àyà mọ́lẹ̀, tó gbé ìdí sókè, eré ló ń pè. Bí ara rẹ̀ bá gan, tó tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ẹ pe tiyín padà. Àgbà ajá lè kùn mọ́ ọmọ ajá tó ń gun orí rẹ̀, tàbí kó gbó o lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má nà án. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìwà ni, kò sì sí nínú wa tó lè sọ èdè náà tó o. Ìgbà tó bá ń lé e tí kò sì fẹ́ fi sílẹ̀ ni kí ẹ dá sí i.

Àìsàn ńkọ́? Òótọ́ ni pé ìgbẹ́ ọ̀rìn tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, èyí tí àwọn alájá ń pè ní parvo, ń pa ọmọ ajá, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kí a há ajá mọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń rí sí ìwà ẹran ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2008 pé bó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, tí ó pé ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀, ó ti lè máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé. Títí abẹ́rẹ́ yóò fi pé, ẹ gbé e dání. Ẹ gbé e kọjá níbi ẹ̀rọ ìlọgààrí, kó gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ gbé e dé gárèèjì, kó rí ọ̀kadà àti mọ́tò akẹ́rù. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìlù láti òkèèrè nígbà ọdún egúngún. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ ibi tí ajá ìgboro ń yàgbẹ́ sí, ajá tí ẹ mọ ẹni tó ni ín, tó sì ti gba abẹ́rẹ́, ni kí ẹ jẹ́ kí ó bá ṣeré.

Dìgbòlugi ni ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni èyí. Àrùn yìí ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún ní àgbáyé, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún tó yè. Ọmọ ajá náà lè ní i. Bí ajá tó máa ń yọ̀ mọ́ ènìyàn bá ṣàdédé sá sí kọ̀rọ̀, tàbí tí èyí tó máa ń tijú bá ṣàdédé ń rọ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ fura. Ẹni tí ajá bá gé jẹ tàbí tó ha léèékánná, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má fi ata, epo mọ́tò tàbí àgúnmu sí i. Ẹ má sì yára pa ajá náà. Bó bá ṣeé mú láìséwu, ẹ há a mọ́, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá ṣì dá ṣáṣá lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí dìgbòlugi lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó géni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé à ń wo ajá kí ẹ dá abẹ́rẹ́ ẹni tó fara gbọgbẹ́ dúró.

Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá dé ara 70 nínú 100 ajá ìlú kan, tí a sì ń tún un ṣe lọ́dọọdún, àrùn yìí kò ní rí ọ̀nà gbà láti ara ajá kan sí èkejì. Gbogbo àgbáyé ti fẹnu kò pé kí ó má tún pa ẹnikẹ́ni láti ẹnu ajá mọ́ tó bá di ọdún 2030. Ẹ má sọ pé ìjọba nìkan ló lè ṣe é. Àwọn àgbà yín ní Ìdèrè mọ ohun tí sòbìyà fi ojú àgbẹ̀ rí, bó ṣe ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ń fi aṣọ sẹ́ omi mímu, ará ìlú ló ń kọ́ ará ìlú, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ní ibùdó ìlera sí Igbó-Ọrà láti ọdún 1963, sì dúró tì wọ́n. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìyà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìyẹn, abẹ́rẹ́ ajá kò lè borí yín.

Mo ń pe ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Àárín Gbùngbùn ní Igbó-Ọrà, ti Ìlà-Oòrùn ní Èrúwà àti ti Àríwá ní Ayétẹ̀, pé kí wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko wọn jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọdẹ àti darandaran lóko, kì í ṣe ìgboro nìkan. Mo ń pe ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Igbó-Ọrà pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn máa wá sí àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fi bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ajá han àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin alájá, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ tú ṣéènì kúrò lọ́rùn ọmọ ajá yín nírọ̀lẹ́ òní, ẹ fi okùn sí i, ẹ mú un dé ilé kejì, kó jókòó kí aládùúgbò yín. Bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi láàrin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, ẹ sì jẹ́ kó kọ ọjọ́ tí yóò gba ti ọdún tó ń bọ̀ sí i.